I-10 Láti Orange Dé El Paso: Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Wa Máa Ń Béèrè Kí Wọ́n Tó Wakọ̀ La Texas Já

Ẹni tó bá gba orí odò Sabine wọ Texas láti Louisiana kò ní pẹ́ rí pátákó aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kọ ìlú méjì sí: Beaumont 23, El Paso 857. Máìlì ni nọ́ńbà méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì í kọ. Kò ṣì í kọ. Gbogbo 857 yẹn, inú Texas náà ni.

Houston ni mo fi ṣelé, mo sì ti wa I-10, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá (interstate) tó la Texas já yìí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè táwọn èèyàn wa máa ń bi mí nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé àtàwọn tó ń kó lọ sí Arizona tàbí California tí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò ara wọn rìn. Èyí tó bá jẹ mí lógún ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Níbo gan-an ni I-10 gbà kọjá ní Texas?

Ẹ jẹ́ ká ti ìlà oòrùn bẹ̀rẹ̀, torí apá ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Orange ni ìlú àkọ́kọ́ téèyàn bá ti sọdá odò Sabine. Beaumont ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Winnie àti Baytown, kó tó wọ Houston. Bó bá kúrò ní Houston, ó gba Katy, Brookshire, Sealy, Columbus, Weimar, Schulenburg, Flatonia, Luling àti Seguin dé San Antonio. Títí dé ibẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú, ilé kò jìnnà sílé.

San Antonio ni ààlà, bí kò tiẹ̀ sí pátákó tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni títì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: Boerne, Comfort, Kerrville, Junction. Òkè òkúta ẹfun ni wọ́n gbẹ́ láàárín níbẹ̀ kí ọ̀nà tó lè kọjá, ẹ ó máa rí ògiri òkúta funfun lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn Junction, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ó ń kúrú títí tó fi di igbó ẹ̀gún. Sonora, Ozona, Fort Stockton, Van Horn, Sierra Blanca. Nígbà tó bá yá, òkè Franklin á yọjú lọ́ọ̀ọ́kán, El Paso á sì tẹ́ rẹrẹ sẹ́sẹ̀ rẹ̀, Ciudad Juárez ti Mẹ́síkò á máa wò yín láti òdìkejì odò Rio Grande. Anthony ló kẹ́yìn, níbi tí Texas ti fi ẹnu ko New Mexico.

Báwo ló ṣe gùn tó, ní ìwọ̀n tó máa yé mi?

Nǹkan bí máìlì 880, ìyẹn kìlómítà 1,416. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127 àti díẹ̀. Ẹ ro ó pé ẹnì kan kúrò ní Ojota, ó dé Ìbàdàn, ó yí mọ́tò padà, ó tún dé Ojota, ó tún yí i padà, títí tó fi rin ìrìn náà nígbà mọ́kànlá láìsọ̀ kalẹ̀. Texas nìyẹn lórí I-10.

Gbogbo I-10 pátá, láti Santa Monica ní California dé Jacksonville ní Florida, jẹ́ nǹkan bí máìlì 2,460, ó sì gba ìpínlẹ̀ mẹ́jọ kọjá. Texas nìkan ló kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní Beaumont fi sún mọ́ Jacksonville, létí òkun Atlantic, ju bó ṣe sún mọ́ El Paso lọ. Ẹni tó wà ní El Paso náà, ó sún mọ́ San Diego létí òkun Pacific ju Houston lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní irọ́ ni. Mo fi máàpù wọ̀n ọ́n, ẹnu mi wọhò.

Kí ló dé tó fi ń jẹ́ 10?

Ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ. Èyí tí kò bá ṣeé pín, gúúsù sí àríwá ni. Nọ́ńbà kékeré wà nísàlẹ̀ máàpù àti lápá òsì rẹ̀, ńlá wà lókè àti lápá ọ̀tún. I-10 ló wà nísàlẹ̀ jù nínú àwọn tó ti etí òkun kan dé ìkejì. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà oní-ẹyọ-mẹ́ta bíi I-610 ní Houston tàbí I-410 ní San Antonio, ọ̀nà tó yí ìlú ká ni. I-110 ní El Paso kò yí nǹkan kan ká ní tirẹ̀. Kò tó máìlì kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé yín lọ sídìí afárá Mẹ́síkò.

Òfin tó bí gbogbo àwọn ọ̀nà yìí, Ààrẹ Eisenhower ló bu ọwọ́ lù ú ní oṣù kẹfà ọdún 1956. Ọdún yẹn náà ni Shell rí epo ní Oloibiri. Wọ́n ń la títì níbí, wọ́n ń gbẹ́ kànga epo lọ́dọ̀ wa. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò dé rí ni wọ́n gbé I-10 gbà ní Texas o. Ojú ipa àwọn ọ̀nà àtijọ́ ló tọ̀: US 80 lápá El Paso, US 290 àti US 87 láàárín, US 90 láti San Antonio lọ síhà Louisiana. Ẹ ó ṣì rí àjókù ọ̀nà àtijọ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ọ̀pọ̀ ibi.

Kí ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Pátákó máìlì ni. Ìwọ̀ oòrùn, lẹ́bàá New Mexico, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, láti 0, ó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń bọ̀ níhà Louisiana títí dé 880. Nọ́ńbà tó wà lórí pátákó ibi tí wọ́n ti ń yà kúrò lórí títì, òun náà ni nọ́ńbà máìlì ibẹ̀. Àárín gbùngbùn El Paso wà ní nǹkan bí 19, Van Horn ní 140, Fort Stockton ní 259, Ozona ní 365, Sonora ní 400, Junction ní 456, Kerrville ní 508, San Antonio ní agbègbè 570, Houston ní nǹkan bí 768, Beaumont ní 853. Ẹni tó bá wà ní Kerrville tó fẹ́ mọ bí Junction ṣe jìnnà sí, kó yọ 456 kúrò nínú 508. Máìlì 52. Kò nílò fóònù.

Àǹfààní kejì rẹ̀: tí ẹ bá ń lọ sí El Paso, tí nọ́ńbà sì ń pọ̀ sí i, ẹ ti gba òdì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí lẹ́yìn tí mo ra kọfí ní Columbus lóru.

Àǹfààní kẹta ló tóbi jù. Láàárín Junction àti Van Horn, àwọn ibi kan wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ pátápátá, táa bá tún rí i, á dà bí ẹni ń fi yín ṣeré. Táyà ọkọ ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ bẹ́ lóru ní agbègbè Bakersfield, ti Texas o, kì í ṣe ti California. Ó rí 911 pè, wọ́n bi í pé níbo ló wà. Ó ní, "Iwájú òkè kan." Wọ́n ní òkè wo? Ó ní èyí tó dúdú. Lóru! Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó tan tọ́ọ̀ṣì wo òpó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, tó ka nọ́ńbà fún wọn. Bí nǹkan bá ṣe yín, nọ́ńbà tí ẹ kà gbẹ̀yìn àti ìhà tí ẹ dojú kọ ni kí ẹ sọ. Kò tún sí àlàyé mìíràn.

Ṣé mo lè wà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Ẹ lè ṣe é. Wákàtí 13 ni, ká má tíì ka ilé epo, oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Houston sí San Antonio tó nǹkan bí máìlì 200, wákàtí mẹ́ta. San Antonio sí El Paso jẹ́ 550, wákàtí mẹ́jọ, apá tó sì ń kùn èèyàn lóorun nìyẹn, torí títì náà tọ́ bí ọfà, kò sí ohun tí ojú ń rí. Tèmi, mo máa ń sùn sí Fort Stockton. Àwọn mìíràn ń sùn sí Junction.

Ohun kan tún wà tí kì í sábà wá sọ́kàn: bí ẹ bá ń lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn á ti dojú kọ yín gbọnrangandan, á sì máa bá yín bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi wọ̀. Ẹ tètè jáde nílé láàárọ̀, kí ẹ lè ti sinmi kó tó dé.

Níbo ni kí n ti máa ra epo?

Láti Orange dé San Antonio, ẹ má da ara yín láàmú. Ilé epo pọ̀ bí àgọ́ àdúrà lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn.

Kerrville ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí géèjì. Junction sí Sonora jẹ́ máìlì 56. Sonora sí Ozona, 35. Ozona sí Fort Stockton, 106. Àwọn abúlé kéékèèké wà láàárín, ilé epo kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò ní fi ẹ̀mí mi tẹ̀ ẹ́ lóru pé wọ́n á ṣí. Fort Stockton sí Van Horn tún jẹ́ 119. Bí tanki bá ti dé ìlàjì, tí ẹ bá sì wà ní Junction, Ozona, Fort Stockton tàbí Van Horn, ẹ kún un. Ẹ má sọ pé ó di iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ oníná, àwọn ìlú wọ̀nyí náà ni kí ẹ ti wá ibi ìgbaná.

Bí ẹ bá ti ń ra epo, ẹ ra omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru apá ibẹ̀ ń ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 38 lórí èyí tí a ń lò nílé. Ọ̀dá títì á gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà tòkunbọ̀ tó ń bá yín ṣe é láàárín Houston kò ní gbà fún yín níbẹ̀. Ẹ yẹ sípíà wò náà, kí ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí jáàkì sì wà nínú búùtù. Mo ti rí ẹni tó fi ẹrù ṣá sípíà mọ́lẹ̀ débi pé ó ní láti kó àpótí mẹ́jọ àti ọlọ́ ata sílẹ̀ lẹ́bàá títì kó tó rí i fà yọ.

Ìyára wo ni òfin gbà láyè?

Ní apá ìwọ̀ oòrùn, láti agbègbè Kerrville dé Hudspeth, ìjọba ìbílẹ̀ (county) tó kángun sí El Paso, 80 ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Máìlì ni o, nǹkan bí kìlómítà 129 ní wákàtí kan. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn lẹ́yìn ìlú, 75 ni. Nínú Houston, ó ń bọ́ sí 60 sí 65. Ní Seguin, ọ̀nà SH 130 wá pàdé I-10. 85 ni apá kan rẹ̀, kò sì sí èyí tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, àmọ́ olówó ni.

Pé wọ́n kọ 80 kò ní kí mọ́tò yín lè sá 80. Ẹ dúró sápá ọ̀tún. Apá òsì wà fún ẹni tó fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó. Àwọn tírélà tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì pọ̀ ní agbègbè Fort Stockton àti Van Horn. Ẹ má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ́, afẹ́fẹ́ wọn ń ti ọkọ̀ kékeré.

Ṣé a ń sanwó lójú ọ̀nà?

Rárá. I-10 fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 0 dé 880. Àwọn lénì olówó kan wà láàárín Katy Freeway ní Houston (orúkọ tí wọ́n ń pe I-10 láti Houston lọ sí Katy nìyẹn), ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ kò ní wọ̀ ọ́.

Kí ni "fídà" tí gbogbo èèyàn ń sọ ní Houston?

Títì kékeré tó ń bá títì ńlá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́kẹ̀gbẹ́, tí ilé epo, ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ tò sí. Houston ló ń pè é ní fídà. Ẹ dé San Antonio, ẹ bi wọ́n ní fídà, wọ́n á máa wò yín. Access road ni tiwọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ rèé: láàárín ìlú, apá kan ṣoṣo ni fídà ń lọ. Lẹ́yìn ìlú, ó lè jẹ́ ọ̀nà àlọ àtàbọ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ láti orí títì ńlá ló sì ni ọ̀nà. Ẹ dúró fún un. Tí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ má lọ dúró de iná pupa. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ afárá, lénì kan wà lápá òsì pátápátá tó ń yí yín kọrọdọ sí fídà òdìkejì. Lójú tèmi, òun ni ohun tó dára jù tí Texas ṣe sí ọ̀nà.

Ṣé òótọ́ ni pé Katy Freeway ní lénì 26?

Ní ibi tó fẹ̀ jù, tí a bá ka fídà àti lénì olówó mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ láti 2003 dé 2008, owó rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Ojú irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ìjọba rà á, wọ́n hú u, wọ́n fi àyè rẹ̀ kún títì. Fún ọdún bíi mélòó kan, mọ́tò ń rìn. Lẹ́yìn náà àwọn èèyàn kọ́lé sí Katy torí pé títì ti fẹ̀, gbogbo wọn sì ń wá síṣẹ́ láàárọ̀ kan náà. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ padà dé, ó tún gbọ̀nà mìíràn yọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ sí Ojodu Berger ni pé ẹnikẹ́ni kò ní ta gala fún yín.

Ẹni tó bá ń ti Houston lọ sí El Paso, kó kúrò kí aago márùn-ún ààrọ̀ tó lù, tàbí kó dúró di aago mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì lọ́sàn-án, ẹ jókòó sílé.

Mo gbọ́ pé àwọn aṣọ́bodè ń dá mọ́tò dúró. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo. Ibùdó àyẹ̀wò Border Patrol wà ní ìwọ̀ oòrùn Sierra Blanca, àwọn tó ń ti El Paso bọ̀ síhà Houston ni ó kàn. Gbogbo mọ́tò ló ń yà sínú rẹ̀. Wọ́n á bi yín bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni yín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láti 1976.

Ẹni tó ní green card, kó mú un dání, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Òfin ló sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 18 tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa mú ìwé rẹ̀ rìn. Ẹni tó wà lórí físà, pásípọ́ọ̀tù àti I-94, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ìwọlé yín, kì í ṣe títì. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi I-20, ìwé tí iléèwé yín fún yín, kún un. Ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá bi yín, kí ẹ má purọ́, kí ẹ má sì máa ṣàwàdà.

Ajá wọn ń gbóòórùn. Igbó tó bófin mu láti tà ní New Mexico, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Texas, kódà bó jẹ́ tí ọ̀rẹ́ tí ẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Mọ́tò ta ni ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró ńkọ́? Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a?

Rárá o! Nílé, ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ de ọlọ́pàá, ìgbéraga ni wọ́n á pè é. A máa ń sọ̀ kalẹ̀, a máa ń fi "ọ̀gá mi" bẹ̀rẹ̀. Níbí, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó ń rìn bọ̀, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ọwọ́ wọn á sì lọ sídìí ìbọn.

Ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Bó bá jẹ́ òru, ẹ tan iná inú ọkọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. Bí ìwé bá wà nínú píjìn-hóòlù, ẹ sọ fún un kí ẹ tó nàwọ́ sí i. Ìwé ìwakọ̀ àti ti ìbánigbófò ni yóò béèrè. Ẹ má fi owó lọ̀ ọ́, kò sí "ẹ fi ra omi tútù" níbí, ẹ̀wọ̀n ni. Tó bá kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ gbà á, iwájú adájọ́ lẹ ti máa rò ó.

Bí ẹ bá sì rí ọlọ́pàá, ọkọ̀ aláìsàn tàbí ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò tó dúró sẹ́bàá títì tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ kúrò ní lénì tó kàn án, tàbí kí ẹ fi 20 dín ìyára yín kù sí èyí tí wọ́n kọ. Òfin ni.

Ṣé mo lè fi ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà wà á?

Àlejò lè lò ó bí kò bá tíì kú. Ẹni tó wá gbé ní Texas ní ọjọ́ 90 láti gba tiwọn. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣe pààrọ̀ fún, torí náà ẹ ó ṣe ìdánwò ìwé, ẹ ó sì wakọ̀ níwájú wọn. Kí ẹ má bínú bí ẹ ti ń wakọ̀ láti 1995.

Òjò àti ìjì ńkọ́?

Apá Houston sí Orange ló léwu jù. Lọ́dún 2005, nígbà tí ìjì Rita ń bọ̀, àwọn tó sá kúrò ní agbègbè Houston ju mílíọ̀nù méjì lọ, mọ́tò sì dúró sójú kan fún odindi ọjọ́ kan. Epo tán lójú ọ̀nà. Ìjọba yí lénì àbọ̀ I-10 padà kí gbogbo rẹ̀ lè máa lọ síhà San Antonio, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Àwọn tó kú nínú ìsáré yẹn ju àwọn tí ìjì fúnra rẹ̀ pa lọ. Harvey dé ní 2017, I-10 láàárín Winnie àti Beaumont sì di òkun, omi ń ru lórí títì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà ìjì Imelda, àwọn bájì (ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù) já ìdè, wọ́n lọ kọlu afárá I-10 lórí odò San Jacinto.

Láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá, ẹ wo DriveTexas.org kí ẹ tó jáde. Ìjọba ló ń fi ipò títì síbẹ̀. Bí omi bá sì ti bo ojú fídà, ẹ má wọ̀ ọ́ torí pé jíìpù ló wà lábẹ́ yín. Omi tó ń ṣàn, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, lè gbé jíìpù lọ.

Ṣé ẹran máa ń kọjá?

Àgbọ̀nrín. Láàárín Boerne àti Junction, ní ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ búréèkì, ẹ má yí sítíárìn.

Kí ni mo lè jẹ, kí ni mo lè rí?

Ẹ di ìrẹsì yín láti Houston. Lẹ́yìn San Antonio, ọbẹ̀ tó ní ata gidi ti parí, àfi ata àwọn ará Mẹ́síkò, òun náà kò burú. Ní Weimar àti Schulenburg, àwọn ọmọ Czech àti Jámánì ló tẹ ibẹ̀ dó. Ẹ ra kolache, búrẹ́dì kékeré tí wọ́n fi èso tàbí sọ́séèjì sínú rẹ̀, ó ń bá kọfí lọ. Buc-ee's tó wà ní Luling, èyí tí wọ́n ṣí ní 2024, ló tóbi jù nínú gbogbo ilé epo wọn, ó ju 75,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ àwọn èèyàn kan lọ. Ọmọdé kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀, owó yín ni kí ẹ ṣọ́.

Beaumont ni Spindletop wà, níbi tí epo rọ̀bì ti tú jáde lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1901 tí Texas fi di Texas. Lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ yà ní 206 lọ sí Balmorhea: adágún omi tútù ńlá kan nínú aṣálẹ̀, ìsun ló ń tú u jáde, omi náà mọ́ débi pé ẹ ó rí ẹja lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún mi, ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ló tó èèyàn í tìtorí ẹ̀ yà.

Ibi ìsinmi ìjọba wà lẹ́bàá títì káàkiri, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbà kéèyàn sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kó má ṣáà ju wákàtí 24 lọ. Bí ọkọ̀ bá dákú, nọ́ńbà tí ẹ ó pè fún ìrànlọ́wọ́ wà lẹ́yìn ìwé ìwakọ̀ Texas yín: 1-800-525-5555.

Ẹnì kan ní aago á yí padà lójú ọ̀nà. Báwo?

El Paso àti Hudspeth nìkan ló fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí gbogbo Texas yòókù. Ẹ lè kúrò ní Van Horn ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ dé Sierra Blanca ní aago méjì ààbọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti El Paso tó ní ìpàdé ní Houston, ó máa pàdánù wákàtí yẹn. Kó kà á mọ́ ọn.

Tí mo bá ti dé El Paso, ó parí nìyẹn?

Ó ku díẹ̀. Láti àárín ìlú, ẹ ṣì ní nǹkan bí máìlì 19, òkè Franklin á wà lọ́tùn-ún, mọ́tò á pọ̀, nọ́ńbà á máa bọ́ sílẹ̀: 13, 6, 2. Ẹ má yà sórí I-110 láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìbánigbófò Texas kì í bá mọ́tò dé Mẹ́síkò, ẹni tí físà rẹ̀ sì jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ó lè má rí àyè padà. Ní Anthony, ẹ ó rí 0. Máìlì tó tẹ̀ lé e, New Mexico ti bẹ̀rẹ̀ ìkà tirẹ̀ láti òpin, nọ́ńbà á sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà sí 164.